Ká Ké Lókè, Kí Ohùn Má Há

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń léwájú orin nínú ìjọ wa ni ohùn wọn kì í sí lẹ́nu wọn mọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ẹ máa rò pé ẹlòmíì ló gbé e. Ẹ kí wọn kú iṣẹ́, wọ́n á ní, "A dúpẹ́, ohùn ti lọ, àmọ́ ògo ni fún Ọlọ́run." Ẹni tó gbọ́ á sì máa yìn wọ́n pé wọ́n mà ṣiṣẹ́ o. Iṣẹ́ tèmi nínú ẹgbẹ́ akọrin wa ní Ìbàdàn ni láti kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe máa lo ohùn, mi ò sì gbà rárá pé ohùn tó há ni ẹ̀rí ìsìn àtọkànwá. Ẹ̀rí pé nǹkan wú nínú ọ̀fun ni. Ohùn tó le, tó ga, tó kún gbọ̀ngàn dé ẹ̀yìn, èèyàn lè mú un jáde lónìí, kó sì jí lọ́la kó bá ohùn rẹ̀ níbi tó fi í sí. Ohun tó sì máa ń jọ mí lójú jù ni pé kì í ṣe agbára la máa ń fi kún un kó tó rí bẹ́ẹ̀. A máa ń dín nǹkan kù ni.

Belting ni àwọn olórin ń pe irú ohùn yìí. Ohùn tí èèyàn fi ń sọ̀rọ̀, tó fi ń pe ẹni tó wà ní òdìkejì títì, ni yóò gbé lọ sókè, dé ibi tí ohùn ti sábà máa ń fẹ́ yí padà di ohùn orí tó fẹ́lẹ́, tí kò sì ní jẹ́ kó yí. Ohùn àyà lókè ni, ká sọ ọ́ bí àwa akọrin ṣe ń sọ ọ́. Ní 1930, Ethel Merman dúró lórí ìtàgé Broadway ní New York láìsí máíkì, ó fi irú ohùn yìí borí ẹgbẹ́ onílù àti afunfèrè tó jókòó níwájú rẹ̀, òkìkí rẹ̀ sì kàn láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò sí ará Amẹ́ríkà tó kọ́ Yorùbá ní kíké. Ẹni tó bá mọ Salawa Abeni láti ìgbà tó ti gbé àwo wákà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1976 mọ ohun tí mò ń sọ. Ohùn àyà gidi ni, tó mú ṣáṣá, tó ń gba àárín ìlù kọjá. Àwọn oníjàálá pẹ̀lú kì í kẹ́ ohùn. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé orin òyìnbó ló ń ba ohùn àwọn ọmọ wa jẹ́, ẹ má gbà á. Kíké kì í ba ohùn jẹ́, bí a ṣe ń ké ni ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wò.

Ẹni tó bá ṣe Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama á rántí tán-án-ná. Iṣan tín-ín-rín méjì ni, wọ́n wà nínú gògóńgò, èémí tó ń ti inú ẹ̀dọ̀fóró bọ̀ ló sì ń mú wọn gbọ̀n. Bí obìnrin bá ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n ń pàdé ara wọn ní nǹkan bí 200 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí obìnrin kan náà bá kọrin lórí nóòtù tí wọ́n ń pè ní A, èyí tó wà lókè C àárín dùùrù, ó di 440. Ẹ sọ ọ́ di ìṣẹ́jú kan péré, ó ti di 26,400 ìgbà tí ẹran ara méjì lu ara wọn. Tí a bá wá ń ké, wọ́n máa ń nípọn sí i, wọ́n sì máa ń pẹ́ ní pípadé ju bí wọ́n ṣe ń pẹ́ ní ṣíṣí lọ. Jo Estill, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ akọrin, tó tún jẹ́ olùwádìí, fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín irú ohùn yìí àti ohùn akọrin opera hàn nínú ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní 1988.

Ẹ dúró díẹ̀ sí ibi pípadé yẹn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí tán-án-ná bá ń pẹ́ ní pípadé, èémí tó ń gba àárín wọn kọjá á kéré. Ẹni tó ń ké dáadáa kì í ná èémí púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni gbogbo wa máa ń ṣe tí nóòtù gíga bá ń bọ̀? A máa mí kanlẹ̀, èjìká á gòkè, àyà á wú, a ó sì kó gbogbo èémí yẹn lu tán-án-ná tí kò rò ó. Wọn ò lè jẹ́ kó kọjá, nítorí náà wọ́n á fún mọ́ra láti dá a dúró, ọrùn á wá ràn wọ́n lọ́wọ́, àgbọ̀n á le, iṣan ọrùn á yọ. Ohùn á jáde lóòótọ́, á sì pariwo, ṣùgbọ́n ọ̀fun ló san owó rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà nínú àwọn áltò wa, ìyẹn àwọn obìnrin tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, tí ohùn rẹ̀ dára púpọ̀. A fún un ní sólò kan nínú orin ìkórè, orin ìbílẹ̀ tí ẹnì kan nínú ìjọ kọ. Ibi tó ga jù nínú rẹ̀ bọ́ sórí "Olúwa", "lú" sì wà lórí A. Gbogbo ìgbà tó bá ti ku ọ̀rọ̀ méjì kó débẹ̀, mo máa ń rí i tí yóò gbé àgbọ̀n sókè, tí yóò fa èémí tó ń dún ṣáá. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

"Àǹtí, ibí ló ti ń fún mi."

Mo ní, "Má mí tó báyẹn."

"Àǹtí, tí mi ò bá mí, báwo ni mo ṣe máa débẹ̀?"

Mi ò bá a jiyàn. Mo ní kó lọ dúró sẹ́yìn gbọ̀ngàn, lẹ́nu ọ̀nà, kó pe ẹ̀gbọ́n kan tó wà nínú àwọn sopíránò tó ń ra omi ní géètì. Ó ké pè é: "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n o!" Ẹni tó ń ra omi yíjú padà kíá. Mo wo ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, òun náà ti ń wá nóòtù yẹn. G ni. Nóòtù tó wà nísàlẹ̀ èyí tó ń bà á lẹ́rù gan-an ni, kò sì mí kanlẹ̀ kó tó ké e, èjìká rẹ̀ ò mì, ọrùn rẹ̀ ò le. Mo ní kó tún un pè, kó jẹ́ kó jìnnà díẹ̀ sí i, bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n ti sọdá títì. Ó bọ́ sórí A fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù nìyẹn, mo sì máa ń fi í ṣáájú ohunkóhun mìíràn. Ohùn tí èèyàn fi ń pe ènìyàn láti òkèèrè ti wà lára wa láti kékeré. Ẹ wo àwọn tó ń kiri bùrẹ́dì láàárọ̀. Èémí kékeré, ẹnu gbàù, ìpè kan tó kúrú, wọ́n á sì dákẹ́, wọ́n á rìn díẹ̀ kí wọ́n tó tún pè. Ìdákẹ́ yẹn wà lára iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ké, kó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ kúkúrú pè, kó gbọ́ nóòtù tó wà níbẹ̀, kó tó wá fi orin sí i. Bó bá kọ́kọ́ gbìyànjú láti fa nóòtù náà gùn, yóò fún un mọ́ ọ̀fun.

A wá padà sí orin. "Ọba" jáde geere lórí A. "Bàbá" náà jáde. A dé "Olúwa", ohun gbogbo tún há. Ohun tó fà á kò sí lọ́wọ́ ọmọ yẹn, ó wà nínú fáwẹ̀lì.

Ẹnu àti káà ọ̀fun jẹ́ yàrá, yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní ìró tó máa ń gbè. Bí obìnrin bá la ẹnu pe "a", ìró àkọ́kọ́ tí yàrá yìí ń gbè máa ń wà ní nǹkan bí 850 ìgbọ̀nrìrì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá sún ètè jọ pe "u", yóò já sílẹ̀ sí 350 tàbí 400. Ohùn tó wà lórí A ń gbọ̀n ní 440, ṣùgbọ́n kì í dá wà. Àwọn ìró mìíràn ń tẹ̀ lé e lókè, èyí àkọ́kọ́ nínú wọn sì wà ní ìlọ́po méjì, 880. Ẹ wò ó bí 880 àti 850 ṣe súnmọ́ra. Bí ẹnu bá là, yàrá náà á gba ìró kejì yìí, á sọ ọ́ di ńlá láìjẹ́ pé tán-án-ná ṣe kọjá iṣẹ́ wọn. Harm Schutte àti Donald Miller kọ nípa rẹ̀ ní 1993, pé nínú irú ohùn yìí, ẹnu máa ń tẹ̀ lé ìró kejì yẹn bó ṣe ń gòkè. Lórí "u", yàrá ò gbe ohunkóhun. Akọrin á gbọ́ pé ohùn òun ti kéré lójijì, á sì fi èémí kún un láìmọ̀. Ìgbà tó ń fi kún un yẹn ló ń pa ara rẹ̀ lára.

Wàyí o, ẹni tó ń kọrin ní Yorùbá kò lè sá fún èyí. Orin tí a bá fúnra wa kọ ní èdè wa, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a gbé lé orin òyìnbó, ohùn òkè ló máa ń gbé lọ sórí nóòtù tó ga. Bí fáwẹ̀lì tó gba ohùn òkè bá jẹ́ àhánupè, orí i àti u ni a ó ti ké. "Olú", "títí", "fún mi". "Fún" ló le jù nínú gbogbo wọn, nítorí ó tún jẹ́ àránmúpè, imú á sì gba nínú ohùn tó yẹ kó jáde lẹ́nu. "Dúpẹ́" rọrùn tí èèyàn bá mọ̀ ọ́n. Kó má ṣe dúró lórí "dú", kó sáré kọjá, kó gbé gbogbo ẹrù náà lé "pẹ́". Bí mo bá lágbára lórí àwọn tó ń kọ orin ìjọ wa, ohun tí mo máa bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n fi a, ẹ tàbí ọ sí ibi tí orin ti ga jù.

Ṣùgbọ́n orin ìkórè ti di kíkọ, "lú" ni ó sì wà níbẹ̀. Mo ní kí ọmọ náà fi ètè pe u, kó fi àgbọ̀n pe ọ. Àgbọ̀n já sílẹ̀, inú ẹnu ṣí, ètè sì sún jọ díẹ̀ níwájú. Nítòsí, mo gbọ́ pé fáwẹ̀lì náà ti fẹ̀. Mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn, "Olúwa" ni mo gbọ́ ketekete. Ohùn òkè ọ̀rọ̀ náà wà níbi tó yẹ, àwọn kọ́ńsónáǹtì wà níbi tó yẹ, etí ọmọ Yorùbá sì tò ó fúnra rẹ̀. Ohùn ọ̀rọ̀ la ò gbọdọ̀ yẹ̀. Fáwẹ̀lì lè tẹ̀ díẹ̀ láìjẹ́ pé ìtumọ̀ bàjẹ́.

Àwọn ọ̀gá akọrin àtijọ́ tó fi orin Áńgílíkà àti dùùrù kọ́ wa máa ń ní kí gògóńgò wà nísàlẹ̀, kí ohùn rọ̀, kí ẹnu dúró bí ẹni tó fẹ́ yán. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀kọ́ wọn, mo sì ń lò ó títí dòní fún orin tó bá tọ́ sí. Ṣùgbọ́n tí a bá ń ké, gògóńgò máa ń gòkè díẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi tipátipá tì í wálẹ̀, tó tún fẹ́ gbé ohùn àyà lọ sókè, ohun méjì tó ń ta ko ara wọn ló ń ṣe, ọrùn ló sì máa jìyà rẹ̀.

Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe kí a tó kọrin, àti lẹ́yìn tí a bá kọ ọ́ tán, kò ná wọn ju ìgò omi àti sítúrọ́ọ̀ lọ. Ẹ ti sítúrọ́ọ̀ bọ omi díẹ̀, ẹ fi ẹnu mú un, ẹ máa kùn gba inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí omi máa hó. Ìdíwọ́ kékeré tí omi ń ṣe yẹn máa ń padà ta èémí díẹ̀ sí orí tán-án-ná, kí wọ́n lè pàdé jẹ́jẹ́. Ingo Titze, onímọ̀ ohùn ní Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Gbogbo èyí tí mo sọ, ariwo lè sọ ọ́ di asán, ibí yìí ló sì ń dùn mí jù. Ní 1911, dókítà ọmọ Faransé kan, Étienne Lombard, fi hàn pé bí ariwo bá yí èèyàn ká, yóò gbé ohùn sókè láìmọ̀ pé òun ń gbé e. Ó ṣòro kí ẹ̀kọ́ mú èyí kúrò pátápátá lára ènìyàn. Ẹ wá wo bí a ṣe ń to orí pẹpẹ wa. Dúrọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn akọrin, sípíkà ńláńlá dojú kọ ìjọ, àwọn mìíràn dojú kọ ìta kí àdúgbò lè gbọ́, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò sì sí sípíkà kan ṣoṣo tó dojú kọ ẹni tó di máíkì mú. Ẹni tí kò gbọ́ ara rẹ̀ yóò pariwo. Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ akọrin, ẹ̀yin tó ń bójú tó ẹ̀rọ, kí ẹ tó ra sípíkà mìíràn fún ìta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ọ̀kan sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yẹn. Ẹ ní kí onídúrọ́ọ̀mù rọra. Ẹ̀yin tó ń kọrin, ẹ mú máíkì súnmọ́ ẹnu; àwọn tó ń nà án jìnnà nítorí pé ohùn wọn ń pariwo ti ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yẹ kó ṣe.

Ọ̀rọ̀ key náà ń bẹ, ìyẹn nóòtù tí a gbé gbogbo orin lé. A máa ń bẹ̀rẹ̀ orin ìyìn ní F, inú á dùn, ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù á gbé e lọ sí G, ijó á gbóná, á tún gbé e. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ò fi ọ̀fun tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń kọ ọ́ ló ń fi ẹran ara gòkè.

Nípa àwọn nǹkan tí a máa ń jẹ tí ohùn bá ti há: orógbó, ẹyin tútù, oyin, súìtì olómíntì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń kan tán-án-ná. Ọ̀nà oúnjẹ yàtọ̀ sí ọ̀nà èémí. Bí nǹkan tí a gbé mì bá lọ kan tán-án-ná pẹ́nrẹ́n, ikọ́ ló máa tẹ̀ lé e. Oyin lè tu ọ̀fun lára, mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má lá a. Súìtì olómíntì ni mo máa ń kìlọ̀ nípa rẹ̀, torí ó máa ń mú ọ̀fun tutù débi tí èèyàn kò ní mọ̀ pé ó ń dun òun, á sì máa ké lọ. Omi ni mo fọkàn tán. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń dé tán-án-ná, nítorí náà èyí tí a mu láti àná àti láàárọ̀ ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ife kan tí a gbé mì lórí pẹpẹ. Nígbà ọyẹ́, ó gba kí a mu sí i. Lẹ́yìn ìṣọ́ òru, ẹ má jẹ àmàlà ọlọ́bẹ̀ ata kí ẹ sì sùn lé e lórí. Omi kíkan inú ikùn máa ń gòkè wá fọ tán-án-ná lójú oorun. Bí ohùn bá sì há, ẹ dákẹ́ ni. Sísọ wúyẹ́wúyẹ́ kì í ṣe ìsinmi, híha ọ̀fun sì ń lu tán-án-ná mọ́ra gidigidi.

Adele, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ohùn tó le, lọ ṣiṣẹ́ abẹ fún tán-án-ná rẹ̀ ní 2011 lọ́dọ̀ Dókítà Steven Zeitels ní Boston. Ó padà kọrin níbi ayẹyẹ ẹ̀bùn orin Grammy ní oṣù Kejì 2012. Ní 2017, ó tún fagi lé eré òru méjì tó kẹ́yìn ní pápá Wembley ní London nítorí tán-án-ná kan náà. Ó ní owó, ó ní dókítà tó mọ iṣẹ́. Ọmọ tó ń kọrin ọ̀fẹ́ nínú ìjọ, tó sì ń fi ohùn kan náà kọ́ ọmọ níléèwé láti ọjọ́ Ajé, kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Nítorí èyí ni mo ṣe ń ní kí gbogbo wọn máa dán ohùn wọn wò ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Kí wọ́n mú orin kúkúrú kan tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ lókè, jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Bí èémí bá ń jáde kí ohùn tó dé, tàbí tí nóòtù kan kọ̀ tí kò dún bí kò ṣe pé wọ́n fagbára sí i, nǹkan ti wú níbẹ̀, kí wọ́n má ké rárá ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí ohùn bá há tó di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí kò padà, kí wọ́n lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun, kó fi ẹ̀rọ wo inú gògóńgò. Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù pé ọ̀bẹ ló kàn. Kókó tó máa ń hù sórí tán-án-ná àwọn akọrin, ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń lo ohùn ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀.

Ní ìgbáradì, a kì í ké ní kíkún mọ́ bí kò ṣe nígbà tó bá ku díẹ̀ ká parí. Ìyókù, a máa ń kọ ọ́ wẹ́lẹ́ láti mọ ibi tó ń lọ. A ti kọ key sólò kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kan tó wà lórí kíbọ́ọ̀dù. Ti orin ìkórè, a sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, "lú" wá bọ́ sórí A-flat. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìkórè, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, áltò wa yẹn lọ bá ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì fi ìka tọ́ ojú ewé náà: "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ibi tí a kọ ọ́ sí yìí náà ni o. Tí ijó bá gbóná, ẹ má bá mi gbé e."